Ọjọ́ tí ọmọdé bá mi ṣírò Sákéù

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìtàn tí ẹnìkan sọ nípa kànga wọn ló rán mi létí tèmi, ti owó tí à ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ. Kò sí ògo nínú tèmi o, ẹ má pàtẹ́wọ́.

Ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan nílẹ̀ Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, gbogbo yín mọ̀. Ṣùgbọ́n igba náírà la máa ń gbà lórí káàdì. "Owó bébà" la ń pè é. Bébà tí ìjọba kó wá! Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá á mú tiẹ̀, àwa náà á mú tiwa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi yìí kan náà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kan, ó kan Sákéù agbowó òde. Mo ní kí ọmọ kan gun bẹ́ǹṣì, kó ṣe bí ẹni wà lórí igi. Ẹ̀rín ń sọ. Bí mo ṣe dé ibi tí Sákéù ti ní òun á san owó tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ máa fún ìyá mi ní ẹgbẹ̀rin náírà?"

Mo ní ẹgbẹ̀rin ti kí ni? Ó ní igba tí mo gbà lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àbúrò òun, owó ọ̀kadà wọn ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn délé. Ẹnu mi wọhò. Àwọn tó kù ti ń ka ìka ọwọ́, wọ́n ń bá a ṣírò.

Ìyá ìyá mi, Táyé ni. Láyé ọjọ́un, wọn kì í jẹ́ kí ìbejì yè lọ́dọ̀ wa. Titcombe, ajíhìnrere ará Kánádà tó dé ìlú Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ Yàgbà lọ́dún 1908, àti ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó bá àṣà yẹn jà. Màmá máa ń sọ pé wọn ò gbàdúrà lásán, wọ́n gba ọmọ sọ́wọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní 1951, ibẹ̀ ni bàbá mi ti kàwé. Èmi wá ń gba owó bébà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà: KÁÀDÌ, Ọ̀FẸ́. Wọ́n nù ún. Mo tún un kọ. Kó tó pẹ́, wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi lọ sí oko kan tí ọ̀kadà pàápàá ń rojú láti dé.

Àwọn tí mo rí orúkọ wọn nínú ìwé, mo wá wọn lọ. Igba-igba ni mo san o, owó oṣù mi ò gba ti Sákéù. Ìyá ọmọ yẹn nìkan ni mo kó ẹgbẹ̀rin fún. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ igba nínú rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ gba èyí, ẹ fi wọ ọ̀kadà."