Dísítíríkì ní òbí ni alábàáṣiṣẹ́ òun: ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Texas:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Dísítíríkì tiwa, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn ilé-ìwé ìjọba ládùúgbò, kọ lẹ́tà pé òbí ni alábàáṣiṣẹ́ àwọn, àti pé nǹkan mẹ́ta làwọn máa gbájú mọ́ lọ́dún ìwé yìí: ìwé kíkà, wíwá sílé-ìwé déédéé, àti àjọṣe pẹ̀lú ẹbí. Wọ́n pè wá sí ìpàdé Title I, ìyẹn owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé-ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ aláìní wà. Ṣé ó lérè? Ọjọ́ kẹwàá rèé táwọn ọmọ wọlé. Bàbá wọn kọ Yorùbá sí fọ́ọ̀mù èdè ilé, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ jù. A fẹ́ mú wọn lọ Ìbàdàn lóṣù Kejìlá fún ọ̀sẹ̀ 5. Màmá tó ń mú wọn lọ sílé-ìwé, tó sì ń mú wọn bọ̀, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá Dámi:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Ìbejì. Fọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, torí ọjọ́ ń lọ. Kò béèrè bóyá ọmọ gbọ́ Yorùbá. Èdè tí wọ́n ń lò nínú ilé ló ń béèrè, àti èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń lò. Tó bá jẹ́ pé ìkíni àárọ̀ àti oríkì nìkan lẹ fi ń sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ ìdáhùn òótọ́, àmọ́ ẹ ka ìbéèrè tó wà lórí fọ́ọ̀mù yín dáadáa. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ta èdè yín nù.

Àtúnṣe ṣeé ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ nìkan, tí wọn ò bá tíì dán ọmọ wò ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lọ lọ́la. Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn ló ń tẹ̀ lé ọmọ káàkiri Texas. Tẹ́ ẹ bá kó lọ sí dísítíríkì míì, wọn ò ní fún yín ní tuntun.

Tí Yorùbá bá wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dán ọmọ wò ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀ 4 tó wọlé. Ọmọ tí kò bá yege, ìgbìmọ̀ LPAC, ìyẹn ìgbìmọ̀ ilé-ìwé lórí àwọn ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló máa sọ irú ìrànlọ́wọ́ tó yẹ ẹ́. Òbí kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ dísítíríkì gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ẹ lè ní ẹ ò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ náà, àmọ́ ìyẹn ò dá TELPAS dúró, ìdánwò Texas fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dọọdún ni wọ́n á máa dán ọmọ wò ní gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ títí wọ́n á fi ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti tó. Ibi tí òbí ti ń ṣì í gan-an nìyẹn: ìdánwò ò kúrò, ìrànlọ́wọ́ ló lọ.

Àǹtí Rónkẹ́:
Ọ̀sẹ̀ 5 yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Òfin Texas ní kí ọmọ wà ní kíláàsì fún ìdá 90 nínú 100 ọjọ́ ẹ̀kọ́ kó tó gba máàkì ìparí. Ẹ ṣírò ẹ̀. Tí ọdún ìwé bá jẹ́ ọjọ́ 170, ọjọ́ 17 ni gbogbo àyè. Ìsinmi Kérésìmesì á gba bí ọ̀sẹ̀ 2. Ọ̀sẹ̀ 3 tó kù jẹ́ ọjọ́ ìwé 15. Ọjọ́ 2 péré ló ṣẹ́ kù fún ibà àti ikọ́ gbogbo ọdún. Àtèyí tí wọ́n fọwọ́ sí, àtèyí tí wọn ò fọwọ́ sí, wọ́n ń kà á pọ̀ nínú ìdá 90 yìí. Tó bá wá sí àárín ìdá 75 sí 90, ọ̀gá ilé-ìwé lè ṣètò bí ọmọ ṣe máa dí àlàfo náà.

Èyí tí wọn ò fọwọ́ sí tún burú jù: tó bá pé ọjọ́ 10 láàárín oṣù 6, òbí lè dé kóòtù. Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé: orúkọ ọmọ, kíláàsì, ọjọ́ ìlọ, ọjọ́ àbọ̀, ìdí ìrìn-àjò. Kí wọ́n fèsì ní kíkọ. Ẹnu tíṣà ò tó. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ gé e sí ọ̀sẹ̀ 3. Ọjọ́ ìwé 5 nìkan ló máa bá a lọ.

Bùọ̀dá Káyọ̀dé:
Ẹ lọ sípàdé Title I o, torí owó ló wà nídìí ẹ̀. Òfin ESSA, òfin ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 2015, ní kí dísítíríkì tó bá gba ju $500,000 lọ nínú owó Title I ya ìdá 1 nínú 100 sọ́tọ̀, ó kéré tán, fún àjọṣe pẹ̀lú òbí. Ìdá 90 nínú 100 owó yẹn gbọ́dọ̀ dé àwọn ilé-ìwé. Tí $10,000,000 bá wọlé, $100,000 nìyẹn; $90,000 lilé-ìwé máa pín. Wọ́n lè fi sanwó ọkọ̀ òbí àti ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ lásìkò ìpàdé. Òbí sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí bí wọ́n ṣe máa ná an. Ẹ béèrè pé: eélòó ló kan ilé-ìwé wa? Kí la ná ti èṣí lé lórí? Òbí wo ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń kọ ètò ilé-ìwé lọ́dọọdún?

Wọ́n tún máa fún yín ní ìwé àdéhùn láàárín ilé-ìwé àti òbí. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. “A ó máa bá òbí sọ̀rọ̀ déédéé” ò ṣeé dì mú. “Tí máàkì ìwé kíkà bá já, tíṣà yóò pe òbí láàárín ọjọ́ 5” ṣeé dì mú. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ irú ẹ̀ sí i.

Ìyá Àdùnní:
Ní ti Màmá: ẹ kọ orúkọ wọn sórí ìwé àwọn tó lè gba ọmọ, kí wọ́n sì máa mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí ìwé, ilé-ìwé lè má fi èsì ọmọ hàn wọ́n. Tí wọ́n bá máa ṣojú yín nípàdé, ẹ fi ímeèlì béèrè ògbufọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ kọ “Yoruba” gedegbe, torí àwọn kan gbà pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ túmọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń túmọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀ á fo ibi tó dùn ún.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Àárọ̀ ọ̀la ni mo máa wà ní ọ́fíìsì wọn nítorí fọ́ọ̀mù. Ìbàdàn ti di ọ̀sẹ̀ 3.