Báwo ni mo ṣe lè tẹ fọ́tò tó dúdú dáadáa láti ara fíìmù Kodak BW400CN?

Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìrànlọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi ọwọ́ ara yín tẹ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn. Mo ní róòlù BW400CN kan, fíìmù dúdú-àti-funfun tí wọ́n ṣe kí a lè fọ̀ ọ́ nínú kẹ́míkà C-41 bíi ti fíìmù aláwọ̀, tí Kodak sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 2014. Wọ́n bá mi fọ̀ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ara nẹ́gátíìfù náà pọ́n bí ọsàn.

Nígbà tí mo tẹ XP2 Super ti Ilford, tí òun náà jẹ́ ti C-41 ṣùgbọ́n tí kò ní àwọ̀ ọsàn yẹn, sórí pépà Multigrade (pépà tí a lè fi fílítà yí bí dúdú àti funfun ṣe yàtọ̀ síra lórí rẹ̀ padà), ìṣẹ́jú àáyá 12 ti tó o. Èyí gba 50, síbẹ̀ gèlè funfun ìyá mi àti ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ jọ di eérú kan náà. Òye mi ni pé ìmọ́lẹ̀ búlúù ni ó ń mú kí dúdú àti funfun yàtọ̀ gedegbe lórí irú pépà bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ọsàn náà sì ń dí i lọ́nà. Fílítà 4 ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀ (bí nọ́ńbà fílítà bá ṣe ga tó ni ìyàtọ̀ náà ń pọ̀ tó), kò tó.

Ṣé kí n lọ sí fílítà 5, àbí kí n wá pépà oníwọ̀n kan ṣoṣo, irú grade 4? Ẹnìkan ní kí n pààrọ̀ enlarger mi (ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán nẹ́gátíìfù sórí pépà) sí oní-condenser, irú tí lẹ́ńsì ń kó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ, kí ìyàtọ̀ náà lè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n mo ń ṣiyèméjì, nítorí aró ni ó gbé àwòrán yìí dúró, kì í ṣe fàdákà tí ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká.