Ìlà oríkì kan tí kò bá ti ilé wa mu

Ẹ kú ilé o. Bí ẹ ṣe ń sọ ìtàn ìran ẹbí yín lójú òpó wa yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí láti ọdún Àjíǹde ló ti ń jẹ mí lọ́kàn.

A ṣe ìpàdé ẹbí nílé wa n'Ìbàdàn. Bọ̀ọ̀dá mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló ṣètò ẹ̀. Wọ́n ya gbogbo ìran wa sórí bébà kan tó gùn tó ẹní, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé láàárín ọmọ bàbá kan náà, orúkọ ìdílé mẹ́ta ló wà? Ẹ̀gbọ́n dé ilé ìwé, tíṣà ní kí lorúkọ bàbá ẹ̀, ó dárúkọ bàbá. Àbúrò ẹ̀ bá tíṣà mìíràn pàdé, ó dárúkọ bàbá àgbà. Ẹ̀kẹta ní tiẹ̀, ìnagijẹ tí wọ́n ń pe bàbá lọ́jà ló sọ, ni tíṣà bá kọ ọ́ sílẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ wọn lè máa fara gbún ara wọn ní Dùgbẹ̀ kí wọ́n má mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n.

Baba ńlá tó wà lókè bébà, ọmọ Ìkòyí ni. Ó wà lára àwọn tó wọ Ìbàdàn nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, lẹ́yìn ọdún 1830. Ìyẹn ò ṣòro, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ "Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn" rí nílé wa. Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀ ni wàhálà wà. Ìyàwó kẹta tí ọmọ náà fẹ́, àmì ìbéèrè ni bọ̀ọ̀dá mi fi síbẹ̀. Kò lórúkọ, kò nílùú.

Màmá Àgbà, ọmọ osú ilé wa, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, jókòó lábẹ́ bébà yẹn gan-an, wọ́n ń jẹ àkàrà. Ọmọ àbúrò mi kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gbé àkàrà sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ti Ìkòyí ń lọ geerege. Àfi bí wọ́n ṣe yà bàrá: "Ọmọ Òpómúléró, bí kò sí aṣọ, onírúurú ìdí là bá rí..."

Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Màmá, èyí kì í ṣe oríkì wa o."

"Mo mọ̀." Wọ́n mú àkàrà wọn padà.

Ìgbà tí èrò túká tí mo ń bá wọn fọ ẹsẹ̀ ni wọ́n tó là á. "Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi. Bó ṣe máa ń kì mí láàárọ̀ nìyẹn. Ó ní n ò gbọdọ̀ kì í síta." Ìyá bàbá wọn yìí ni àmì ìbéèrè! Màmá ò ju bí ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí ìyá náà kú. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tún rántí ni pé kì í jẹ okété.

Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ Mọ́gàjí. Bí mo ṣe ní "ṣé ogun ló kó ìyá yẹn wálé?" báyìí, bàbá wúkọ́, wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Inú yàrá ni Màmá ti dáhùn: "Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta. Ẹrú náà ti ṣọmọ rí nílé ìyá ẹ̀."

Lójú tèmi o, ìlú Ìjàyè logun ti kó ìyá náà. Ọdún 1862 ni Ìbàdàn fọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ni nígbà náà, yóò tó bí ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà tó kú, ọmọ Ọ̀yọ́ sì kún Ìjàyè fọ́fọ́. Bọ̀ọ̀dá mi ní ogun Kírìjì ni, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877. Mi ò gbà, torí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ni Ìbàdàn ń bá jà níbẹ̀, oríkì ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni Òpómúléró. Bàbá kékeré wa ní ìwọ̀fà ni ìyá náà, kì í ṣe ẹrú. Ìyẹn ló tù wọ́n nínú. Ta ló lè bá wa wò ó?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta: Ara mi ṣe gìrì. Òpómúléró ni bàbá mi. Ẹ̀gbá ló gbè sẹ́yìn Ìjàyè nínú ogun yẹn, ìgbà tí ìlú sì fọ́, ibí ni ọ̀pọ̀ wọn sá wá, àwọn tiwa náà wà níbẹ̀. Tí a bá ń ṣọdún, a máa ń bu abọ́ oúnjẹ kan sọ́tọ̀, "ti ọmọ tógun gbé". Mi ò béèrè rí pé ọmọ wo. Bàbá mi ti lọ báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ o, a ń jẹ okété nílé wa. Mo jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Tíṣà, Ìṣẹ́yìn: 1821 ni wọ́n kó Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. 1846 lòun àti ìyá ẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn, Abẹ́òkúta náà sì ni. Ẹ má tíì sọ̀rètí nù.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Houston: Ẹ rọra. Òpómúléró pọ̀ ju kí ẹ fi oríkì nìkan so okùn ẹbí. Èmi ṣe àyẹ̀wò DNA, èyí tí wọ́n fi ń wo ìran ẹni. Wọ́n ní Nàìjíríà, wọ́n ní Benin òun Tógò. Wọn ò dárúkọ ilé baba mi, owó mi sì dùn mí. Ṣùgbọ́n mo kọ́ nǹkan kan: DNA kan wà tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ìyá yẹn fún bàbá Màmá, bàbá Màmá ò sì lè fún Màmá. Ẹ wá ọmọ obìnrin tí ìyá náà bí, kí ẹ tọ ọ̀nà obìnrin nìkan títí dé ẹni tó wà láyé lónìí. Kí Ìyá Ìbejì náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Bó bá sì bára mu pàápàá, ìyá tó pa yín pọ̀ lè ti kú tipẹ́ kí ogun kankan tó ṣẹlẹ̀.

Èmi náà rèé padà. Mo bi Màmá. Wọ́n ní obìnrin kan wà, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ó lọ ilé ọkọ l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Wọn ò rántí orúkọ ilé ọkọ náà mọ́. Èmi àti bọ̀ọ̀dá mi ń lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Màmá ní tí a bá débẹ̀, ká má wulẹ̀ béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, ká ṣáà máa béèrè ilé tí ìyá kan ti kọ okété.