Èsì lórí “ọgbà igbó tútù”

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá ní kí a máa pe igbó kékeré olómi tí wọ́n dá sí nítorí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ní “ọgbà igbó tútù”. Ẹ dákun, ẹ má bínú, n kò lè gbà á. “Tútù” yẹn ló ń dùn mí. Ewé tútù ni èyí tí kò tíì gbẹ, ẹran tútù ni èyí tí a kò tíì sè. Igbó wo tí ewé rẹ̀ kò tíì gbẹ ni kì í ṣe igbó tútù?

Àbàtà ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣebí àwọn àgbà ló ní àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ilẹ̀ ibẹ̀ mumi yó débi pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí ewé tó bá já síbẹ̀ kì í fi í tètè jẹrà. Ìyá mi àgbà kì í jẹ́ ká pe àbàtà ní ẹrẹ̀: ẹrẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, àbàtà ni ibi tí a ti kó o.

Ẹnìkan tún ní omi inú igbó bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ nígbà mìíràn, pé kì í ṣe àbàtà mọ́ nìyẹn. Àdéhùn Ramsar, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dáàbò bo ilẹ̀ olómi, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìráànì ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé ọdún 1971 ka ilẹ̀ olómi sí ilẹ̀ olómi, ìbáà jẹ́ omi tó ń wá tó ń lọ.

Ẹ tiẹ̀ wo bí wọ́n ṣe sọ lámilámi lórúkọ. Mo lúgọ wo abo kan rí: ó fi ìdí kan omi, ó gbéra, ó tún kàn án. Ẹyin ló ń yé. Inú omi ni ọmọ rẹ̀ yóò wà fún oṣù púpọ̀, ti òmíràn á lé lọ́dún, kó tó jáde tí yóò fi máa fò. Èmi gbà pé “lá omi” ló wà nínú orúkọ yẹn, àti pé ẹni tó sọ ọ́ jókòó ti omi kó tó sọ ọ́. Ẹni tó ní kò rí bẹ́ẹ̀, kó fi tirẹ̀ hàn wá.

Ní ti “ọgbà”, ta ló gbin kọ̀ǹkọ̀ síbẹ̀? “Igbó ọba” tọ́ bó bá jẹ́ pé ìjọba ló ni ín. Bí kì í bá ṣe ìjọba, “àdásí” ni mo fara mọ́, à-dá-sí. Igbó àbàtà àdásí. Ẹ jọ̀wọ́, ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí àbàtà.