"Ojú eré" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "àwòrán"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Mo ti ka gbogbo èsì tí ẹ fún ọ̀rẹ́ wa tó fẹ́ fi Yorùbá kọ ohun tó rí nígbà tó kọ́kọ́ ṣí eré kọ̀ǹpútà kan, tí "graphics", ìyẹn gbogbo bí eré náà ṣe rí lójú, wá há a lọ́fun. Àwọn kan ní "àwòrán". Bàbá wa ní Ọ̀fà ní "iṣẹ́ ọnà ojú-ìwòye". Ẹnì kan tilẹ̀ mú "ìyàwòrán" wá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán nìyẹn ń sọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ ìdí ìwé atúmọ̀ èdè ni gbogbo wa jókòó sí, kò sí ẹni tó jókòó ti ọmọ tó ń gbá géèmù.

Èmi jókòó tì í. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ọ̀dọ̀ mi ní Táńkẹ̀ gbé Skyrim sórí kọ̀ǹpútà àlòkù tó rà. Géèmù yẹn kì í ṣe tuntun, ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ Bethesda gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ojú ọmọ náà kò kàn án rí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù ni ẹṣin ń wọ́ lọ láàrin igbó àti òkè, àwọn tí wọ́n dè lọ́wọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà kò sọ pé "àwòrán rẹ̀ dáa". Ohun tó sọ ni pé, "Bọ̀dá, ẹ wo ojú ẹ̀ bó ṣe mọ́!" Mo bi í pé ojú ta ni. Ó ní, "Ojú géèmù náà kẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo gbà fún un. Ọjọ́ ní ojú, omi ní ojú, aṣọ ní ojú ó ní ẹ̀yìn. Ohun tí nǹkan gbé síta, tí a fi ń dá a mọ̀, ni ojú rẹ̀. Àwòrán jẹ́ ẹyọ kan tí èèyàn lè fi kọ́ ara ògiri. Ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí kì í ṣe ẹyọ kan: ìmọ́lẹ̀ wà nínú ẹ̀, òjìji wà nínú ẹ̀, bí koríko ṣe ń mì náà wà nínú ẹ̀. Tí mo bá ní "ojú eré yìí dán", tàbí "ojú eré yìí ṣú", tàbí "ojú rẹ̀ ti gbó", kò sí ará Ìlọrin tó máa bi mí pé kí ni mò ń sọ. Ẹ wá fi "àwòrán" gbìyànjú rẹ̀ wò. "Àwòrán eré yìí ti gbó": fọ́tò ìyá-ìyá yín ni ọkàn máa lọ bá.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Òmù-Àrán máa ní "ojú eré" ti nílé tẹ́lẹ̀, pé ibi tí wọ́n ti ń ṣeré ni, bí ojú agbo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun bá wọn lójú eré, ibi kan ló ń sọ. Ẹni tó bá ní ojú eré dán, kò lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló ń sọ. Gbólóhùn ló máa là wọ́n.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "resolution", ìyẹn iye tóńtó àwọ̀ tó para pọ̀ di ohun tí à ń rí lójú kọ̀ǹpútà, tí ẹnì kan tú sí "ìpinnu". Ìpinnu ọdún tuntun ni, àbí ti ìgbìmọ̀? Èmi náà kò mọ́ tónítóní, torí èmi ni mo dá "ìfún" lábàá. Ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ni mo ti mú un. Ẹ lọ wo aṣọ òfì dáadáa: tí òwú bá tín-ín-rín tó sì fún pinpin, ìlà tó dà gẹ̀rẹ́ nínú ọnà aṣọ náà á lọ gbọnrangandan. Tí òwú bá ki tó sì dẹ̀, ìlà kan náà á máa gun àtẹ̀gùn, etí rẹ̀ á rí bí eyín ayùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́n lójú ara mi, àfìgbà tí mo fi fóònù kọ àbá náà láìfi àmì sí i, tí ẹnì kan dáhùn pé kí ló kan ìfun ẹran nínú ọ̀rọ̀ géèmù. Mo yọwọ́. "Fọ́nrán" ì bá dùn, àmọ́ àwọn oníròyìn ti gbé e fún fídíò. Ní báyìí, "ẹ̀kán" ni mo dì mú, ẹ̀kán àwọ̀, bí ẹ̀kán omi. Kọ̀ǹpútà ọmọ yẹn ní ẹ̀kán 1920 ní ìbú, 1080 ní òòró. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 2,073,600 ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K jẹ́ 3840 ní ìbú, 2160 ní òòró, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ gééré. Tí a bá ní "iye ẹ̀kán", ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí pàápàá á mọ̀ pé kíkà là ń kà á.

Ti "frame rate", ìyẹn iye àwòrán tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iná ló bá mi túmọ̀ rẹ̀. A wà lẹ́nu eré náà ni wọ́n mú iná lọ. Kọ̀ǹpútà bọ́ sórí bátìrì, ó sì dín agbára tó ń lò kù kí bátìrì má baà tètè kú. Lójú ẹsẹ̀, ẹṣin tó ti ń lọ wẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Ọmọ náà pòṣé, ó ní, "Ó ti ń fà." Nígbà tó yá, ó ń lọ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, á tún gán, á tún lọ, á tún gán. Ó yí ọ̀rọ̀ padà: "Ó ti ń kólòlò." Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Tí àwòrán tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bá kéré látòkè délẹ̀, eré náà ń fà. Tí wọ́n bá pọ̀ tó àmọ́ tí wọn kò dé ní déédéé, ó ń kólòlò. Ọmọ ogún ọdún ló yà wọ́n sọ́tọ̀ láìwo ìwé kankan, àwa tó ń fi ọ̀sẹ̀ kan jiyàn bóyá "ìlọ́ra" la máa pè é ńkọ́?

Sinimá ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn, torí wíwò là ń wò ó. Nínú géèmù, ọwọ́ ẹni wà níbẹ̀. Tí ọwọ́ bá ti lọ tí ojú kò tíì tẹ̀ lé e, ara á fura. 60 ni Skyrim ti 2011 ń retí. Ẹni tó bá yọ ìjánu rẹ̀, tó jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, lè rí abọ́ àti ife tó ń fò kúrò lórí tábìlì fúnra wọn, torí ìṣirò bí nǹkan ṣe ń ṣubú níbẹ̀ so mọ́ iye àwòrán. Bí onílù bá sáré jù, oníjó á máa ju apá ju ẹsẹ̀ kiri. Mo fi "ìyára àwòrán" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò tíì rí èyí tó sàn jù ú lọ.

Kùrukùru ńkọ́? Tí òkè bá jìnnà jù, kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ ya gbogbo rẹ̀, àwọn tó ṣe eré a sì máa da kùrukùru bo ibẹ̀. Ọmọ náà pè é ní ẹwà. Mo ní kó rántí ìgbà ọyẹ́, tí a kì í rí òkè Sóbì mọ́ láti òkèèrè. "Áà, wọ́n ń fi ọyẹ́ bo àṣírí," ló sọ. Láti ọjọ́ yẹn, "ọyẹ́" ni mò ń pè é nínú ilé wa. N kò ní kí ẹ gbà á.

"Ère" tí àgbà wa láti ilẹ̀ Ìgbómìnà dábàá fún "model", ìyẹn ara èèyàn tàbí nǹkan tí wọ́n mọ sínú géèmù, tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Ẹni tó bá ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ti rí ère òkúta: ilà ojú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, inú òkúta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Ère inú géèmù kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ lè dán láìsí ilà kankan; orí awọ, èyí tí wọ́n ń pè ní "texture", ni wọ́n ya ilà náà sí, tí wọ́n wá fi awọ ọ̀hún bò ó. Ọmọ wa sún mọ́ ògiri olókùúta kan, a sì rí i. Lókèèrè, òkúta ni. Nígbà tí imú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan ògiri, ó ti di bébà tí omi rin. Awọ o, kì í ṣe àwọ̀, kí ìfun má tún padà wá bá mi.

Fún "first impression", ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí "ìtẹ̀mọ́ra àkọ́kọ́" sùn. Ojú la fi ń kan nǹkan. "Àkọ́fojúkàn" tó.

Ó wá ku orúkọ irú eré náà fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní "role-playing game". "Eré agọ̀", ni ẹnì kan wí, pé ẹni tó ń gbá a gbé agọ̀ ẹlòmíràn wọ̀. Ó dùn létí. Kíá ni Alfa wa kọ̀wé láti Ìlọrin níbí pé ìlú tó tóbi tó báyìí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ilé wọn. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nítorí ọ̀tọ̀ ni mo ṣe gbà fún wọn. Agọ̀ ti parí kí wọ́n tó gbé e wọ̀. Nínú eré yìí, ìwà lò ń mú dàgbà: tó o bá ń ta ọfà, ọwọ́ rẹ á máa mọ́ ọfà sí i, tó o bá pa á tì, kò ní lọ síwájú. "Eré ìgbéwàwọ̀" ni mo rò, kí ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ mú un wá.

Alfa tún béèrè bóyá ẹṣin wà nínú eré ọ̀hún. Ó wà, Alfa, ojú ẹ̀ sì mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ, títiro ló ń tiro.