Èèpo ọta ni tèmi, ẹ gba ìkarahun kúrò níbẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni wa tó ń kọ ìtàn bàálù ogun Spitfire ní Yorùbá bi wá léèrè ohun tí a ó máa pe idẹ tó ń jábọ́ lára ìbọn lẹ́yìn tí ọta bá ti lọ. Àwọn kan ní "ìkarahun ọta", àwọn kan ní "àkọ̀ ọta". Ẹnìkan tún pe bí ìbọn ṣe ń mú un kúrò nínú ara rẹ̀ ní "ìléjáde". Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lé e? Ṣé ayálégbé tí kò sanwó ilé ni?

Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro nítorí pé ìbọn tí àwọn baba wa mọ̀, ṣakabùlà, kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á kì í, á fi ọta sí i, á yìn ín. Èéfín nìkan ló kù. Àwọn ọdẹ tó wá ń lo ìbọn òyìnbó ló mú "katiríìjì" wọlé, odidi rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀: ara òde, ẹ̀tù inú, ọta, àti ohun kékeré tó ń ṣáná nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Ìkarahun" ni mi ò lè gbà. Gẹ̀ẹ́sì ló sùn sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "shell", ni òyìnbó ń lò fún ti ìgbín, fún idẹ yìí, àti fún àdó tí àgbá ńlá ń yìn. Ẹni tó bá kà á pé ìkarahun ń rọ̀ láti òkè sórí Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò ní mọ̀ bóyá kí wọ́n sá ni tàbí kí wọ́n ṣà á. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ sì ń ṣà á ní tiwọn! Idẹ gígùn bí ìka ọwọ́, wọ́n tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí ìdí rẹ̀, ojú kékeré kan sì jìn wọnú láàárín ìdí náà, níbi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti gún un. Ojú yẹn la fi ń mọ èyí tí wọ́n ti yìn.

"Àkọ̀" dùn létí, àmọ́ idà tó jáde nínú àkọ̀ ń padà síbẹ̀. Ta ló rí ọta tó padà? Èèpo ló bá a mu. A bó ẹ̀pà, ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́nu, èèpo bọ́ sílẹ̀: ó tán. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé èèpo ẹ̀pà bá ẹ̀pà hù ni, pé ti ọta, ilé iṣẹ́ ló rọ ọ́. Èèpo ẹ̀yìn ìwé ńkọ́, ṣé òun bá ìwé hù?

Ó wá ku bó ṣe ń jáde. Spitfire ọdún 1940 ní ìbọn Browning mẹ́jọ, mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan, 300 ọta fún ìkọ̀ọ̀kan, ìbọn kan sì ń yìn tó 1,150 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, èèpo bí 300 ló máa gba ihò abẹ́ apá jábọ́. Nínú ìbọn náà, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ á di èèpo mú ní etí ìdí, á fà á yọ. Katiríìjì tuntun tó ń bọ̀ láti òkè ló máa ti èèpo yẹn kúrò lójú irin náà sísàlẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè é ní "ìléjáde", ẹ ò jìnnà pátápátá, mo gbà.) Ohun méjì ni: ìbọn fà á yọ, ìbọn sì tu ú, bí ẹni tó ń mu àgbálùmọ̀ ṣe ń tu kóró.

Ẹ má ṣe pè é ní "dídànù". Bàálù A-10 ti Amẹ́ríkà kì í da èèpo nù. Inú ìlù, ìyẹn agolo ńlá tí katiríìjì ti wá, ló ń dá a padà sí. Ìbọn tu ú, bàálù gbé e mì.

Ẹ má sì da ti bẹ́líìtì, ìyẹn ọ̀wọ́ katiríìjì tí wọ́n so pọ̀ tó ń wọnú ìbọn, pọ̀ mọ́ ọn. Katiríìjì fúnra rẹ̀ ló so irin kékeré kan mọ́ èkejì. Bí wọ́n bá ti fà á yọ, irin náà tú. "Oríkèé" ni mo ń pè é. Bàálù Hunter ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ogun, ń jẹ́ kí èèpo jábọ́, ṣùgbọ́n ó ń kó oríkèé pamọ́ sínú ohun méjì tó wú lábẹ́ ikùn rẹ̀, kó má baà máa ta bá ara bàálù. Sabrina ni wọ́n ń pe àwọn ohun wíwú náà, orúkọ òṣèrébìnrin kan tí àyà rẹ̀ gbajúmọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ èmi, bí mo ṣe máa kọ gbólóhùn náà nìyí: "Ìbọn mẹ́jọ ń tu èèpo ọta, èèpo àti oríkèé bẹ́líìtì sì ń rọ̀ lábẹ́ apá Spitfire." Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju oríkèé lọ, kó mú un wá, màá gbà. Èèpo ni mi ò ní fi sílẹ̀.