Àgbáyun àti àwọn èso mìíràn tí ń tan ahọ́n jẹ: ẹ wá sọ èyí tí ẹnu yín ti tọ́ wò

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Láti kékeré ni mo ti mọ àgbáyun, nítorí igi rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé bàbá mi àgbà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Èso rẹ̀ pupa, ó gùn díẹ̀, kóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹran tó sì bo kóró náà kò tó nǹkan. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lásán kò ní rí ohun ìyanu kankan, nítorí adùn rẹ̀ kò ju bíńtín lọ. Ìgbà tí a bá fi ahọ́n yí i káàkiri ẹnu títí ẹran rẹ̀ fi tán, tí a tu kóró rẹ̀ dànù, tí a wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, ni nǹkan ń yí padà. Ọsàn tí ó yẹ kí ó mú kí eyín kan ènìyàn yóò máa dùn bí ẹni pé ṣúgà ni wọ́n rẹ ẹ́ sí. Àwa ọmọdé ilé náà a máa jẹ àgbáyun ṣáájú gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, a kì í sì í bèèrè ṣúgà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní tiwọn a máa fi bá àlejò tó ti Èkó wá ṣeré: wọn a fún un ní àgbáyun láìsọ iṣẹ́ tó ń ṣe, wọn a sì gbé ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe ọsàn ló yí padà. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní miraculin ló wà nínú àgbáyun, Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní ọdún 1968. Miraculin fúnra rẹ̀ kò dùn. Ó kàn lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn ni, á sì dákẹ́ síbẹ̀ títí tí nǹkan kíkan yóò fi kàn án. Nígbà náà ni ìrísí rẹ̀ yóò yí padà, tí yóò ta ibẹ̀ jí, tí ahọ́n yóò sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ṣúgà ti dé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Japan ló ṣàlàyé èyí yékéyéké nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2011. Ó lè wà lẹ́nu fún bíi wákàtí kan, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ará ilẹ̀ Faransé kan, des Marchais, ti rí èso yìí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti 1725. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ William Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ní 1852 ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó sọ ohun tí àwọn onílé ń fi í ṣe: wọ́n ń jẹ ẹ́ kí kẹ́ńkè, ìyẹn oúnjẹ àgbàdo kíkan, àti ẹmu tó ti kan lè ṣeé gbé mì. Ní Amẹ́ríkà, Robert Harvey dá ilé iṣẹ́ Miralin sílẹ̀ láti fi ṣe adùn fún àwọn alátọ̀gbẹ, àmọ́ ìjọba kọ̀ ọ́ fún un ní 1974, ilé iṣẹ́ náà sì fọ́.

Ìyá Onímọ́ínmọ́ín

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ewé eéran ni mo fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín tí mò ń tà, síbẹ̀ ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ń so. Ìdí ewé gan-an ni èso náà ń sá pamọ́ sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ilẹ̀, ewé gbígbẹ a sì tún bò ó. Obìnrin tó ń já ewé fún mi nínú igbó apá Oǹdó ló mú un wá: pupa, oníhà mẹ́ta, kóró dúdú nínú rẹ̀, ohun kan tó mọ́ gaara tó sì ń yọ̀ lẹ̀ mọ́ orí kóró náà. Mo lá a, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá ni adùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀, kò sì lọ mọ́. Mo mu omi, ó ṣì wà ńbẹ̀. Mo jẹ ẹ̀kọ, ẹ̀kọ náà dà bí èyí tí wọ́n fi oyin rò. Ó tilẹ̀ sú mi nígbẹ̀yìn.

Ọmọ mi ọkùnrin tó kàwé nípa oúnjẹ ló sọ fún mi pé thaumatin ni wọ́n ń pe ohun tó ń dùn nínú èso náà, pé bí a bá wọ̀n ọ́n, adùn rẹ̀ tó ìlọ́po 2,000 ti ṣúgà, pé ó sì wà nínú ṣingọ́ọ̀mù ní Yúróòpù pẹ̀lú E957, àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ lára èròjà oúnjẹ. Ó ní Daniell tí Ọmọ Ìjẹ̀bú dárúkọ yẹn náà ló kọ̀wé nípa èso yìí ní 1855, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko náà: *Thaumatococcus daniellii*. Àwa ń tà ewé, a ń fi èso sílẹ̀ fún ìjẹrà.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba

Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ ni oúnjẹ máa ń dà bí irin lẹ́nu wọn. Wọ́n ti fi àgbáyun dán an wò ní Amẹ́ríkà lára ìwọ̀nba ènìyàn, ó sì mú kí oúnjẹ tún padà dùn fún àwọn kan nínú wọn. Èso tútù kì í pẹ́ bàjẹ́, iná sì ń pa agbára rẹ̀, nítorí náà hóró tí wọ́n fi èso gbígbẹ ṣe la máa ń rí níhìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ṣeré, ẹ rántí pé ahọ́n nìkan ni a tàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa mu fínígà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ó ní ó dùn bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, òkè inú ti ń ta á.

Olóbì

Ẹ kò mẹ́nu ba obì. Ẹni tó bá rún obì àbàtà tán tó sì mu omi tútù yóò rí i pé omi náà dùn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí i. Ní 1972, Linda Bartoshuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ewébẹ̀ òyìnbó kan, artichoke, máa ń mú kí omi dùn lẹ́nu àwọn kan bákan náà, mo sì fura pé ọ̀rọ̀ obì kò jìnnà sí i. Ìyá Onímọ́ínmọ́ín, bí onísọ̀ ewé yín bá tún mú èso yẹn wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ya díẹ̀ sọ́tọ̀.